Ṣé lóòótọ́ ni taekwondo ti lé ní 2,000 ọdún? Kí ni ká kọ fún àwọn ọmọ?

Kóòṣì_Mókọ́lá
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní taekwondo, ìjà ọwọ́ òun ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ Kòríà, n'Íbàdàn níbí, gírédíìn wa ti ń sún mọ́lé, wọ́n sì máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè tíọ́rì lẹ́nu kí wọ́n tó gba bẹ́líìtì. Ìwé tíọ́rì tá à ń lò, tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti gbà á, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé taekwondo ti wà láti 2,000 ọdún sẹ́yìn, pé àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Hwarang nílẹ̀ Silla, ìjọba Kòríà àtijọ́ kan, ló fi ń jagun, pé àwòrán ẹ̀ ṣì wà lára ògiri ibojì àwọn èèyàn ńlá. Gbogbo wa la há a sórí. Ìgbà tó yá ni bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, tíṣà hísítìrì ni wọ́n, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n darúkọ ẹni tó kọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣí kíláàsì ní Seoul, kí n wá máa ka orúkọ lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí á fi kan àwọn Hwarang. Mo kà á dé 1944, kò sí orúkọ tí mo tún lè pè mọ́. Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, mi ò sì fẹ́ bu iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ni kí n kọ síbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká lọ sórí pé èwo ló le jù láàrin káràtè àti taekwondo, ìyẹn kọ́ ni mo ń bi.

Àjàní_Shotokan
Ẹ kú iṣẹ́ Kóòṣì. 1944 lẹ kà á dé torí pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Won Kuk Lee ló dá Chung Do Kwan sílẹ̀ ní Seoul lọ́dún yẹn, Tokyo ló ti kàwé, ọ̀dọ̀ Gichin Funakoshi ló sì ti kọ́ káràtè. Funakoshi yìí ni ará Okinawa, àwọn erékùṣù gúúsù Japan, tó gbé káràtè wá sí Tokyo ní 1922. Ro Byung Jick tó dá Song Moo Kwan sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Funakoshi kan náà ni. Yoon Byung-in tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní YMCA ní Seoul ní 1946, ó ti kọ́ ìjà àwọn ará Ṣáínà ní Manchuria, lápá àríwá ìlà oòrùn Ṣáínà, kó tó lọ kọ́ káràtè lọ́dọ̀ Kanken Toyama ní Tokyo. Ọ̀gágun Choi Hong Hi tó wá fún taekwondo lórúkọ náà, Japan ló ti kọ́ tiẹ̀ nígbà tó ń kàwé níbẹ̀, kò sì fi pamọ́, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Hwang Kee tó dá Moo Duk Kwan sílẹ̀ ní 1945 nìkan lọ̀rọ̀ ẹ̀ yà díẹ̀, òun ní Manchuria lòun ti kọ́ ìjà lọ́dọ̀ ará Ṣáínà, ṣùgbọ́n àwọn kata (ètò ìgbésẹ̀ ìjà tí wọ́n máa ń há sórí) tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀, inú ìwé káràtè ló ti rí wọn. Nígbà yẹn, wọn ò tíì máa pè é ní taekwondo o. Tangsudo tàbí kongsudo ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà táwọn ará Japan fi ń kọ káràtè gan-an ni wọ́n sì ń fi kọ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n wá fi ohun kan hàn yín tẹ́ ẹ lè fojú ara yín wò lórí YouTube lálẹ́ òní. Ẹ wá Heian Shodan, kata kan tí àwa Shotokan, ẹ̀ka káràtè ti Funakoshi, ń ṣe. Ẹni náà á yíjú sósì, á fi ọwọ́ òsì gbá ìkọlù dànù sísàlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, á ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, á wá yí ẹ̀yìn padà pátápátá, á gbá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tó bá yá á kọjú sí àárín, á gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra wọn láti fi gba orí ẹ̀ là. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó tán, ẹ wá Pyung Ahn Cho Dan tí àwọn Tang Soo Do (tangsudo yẹn náà) ní Kòríà ń ṣe títí dòní. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, bó ṣe yí náà nìyẹn, ibi tó ti gbé ọwọ́ sókè náà nìyẹn.

Márùn-ún ni àwọn kata Heian, ẹni tó ṣètò márààrún ni Itosu Anko, ó ṣe é fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Okinawa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, Pinan ló pè é. Ibi tó wá dùn sí nìyí: lọ́wọ́ Itosu, èyí tí mo júwe yìí ni ìkejì. Funakoshi ló gbé ìkejì sípò àkọ́kọ́ torí pé ó rọrùn ju àkọ́kọ́ lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ti Kòríà tẹ̀lé ètò Funakoshi, kò tẹ̀lé ti Itosu. Tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá gba ìdáhùn kan náà nínú ìdánwò, tíṣà lè gbà pé àwọn méjèèjì ló mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jọ pààrọ̀ nọ́ńbà kan àti èjì síbi kan náà, ó ti mọ ẹni tó ń wo ìwé ẹnì kejì. Ẹ̀rí yìí ò nílò kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èdè Kòríà tàbí ti Japan, ojú lásán ti tó.

Ìyá_Tíṣà_Bódìjà
Àjàní o ṣeun, ìyẹn yé mi dáadáa. Èmi ò ta ìpá rí láyé mi, hísítìrì ni mo kọ́, ọmọ mi ló ń ṣe taekwondo. Ẹ jẹ́ n mú ti ibojì yẹn, torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí wa lójú.

Ji'an ni ibojì náà wà, nílẹ̀ Ṣáínà lónìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìjọba Goguryeo, ìjọba Kòríà àtijọ́ míì, ni nígbà náà, ó ti tó nǹkan bí 1,500 ọdún. Muyongchong lorúkọ ọ̀kan, Gakjeochong sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nínú Muyongchong, ọkùnrin méjì dojú kọ ara wọn, bàǹtẹ́ nìkan ló wà nídìí wọn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n tẹ orúnkún, àlàfo sì wà láàrin wọn. Ó tán. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ ẹ̀ pé nǹkan báyìí ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ní ijó ni, ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi já a nírọ́, ẹni tó bá ní wọ́n fẹ́ wọ̀jà ni, bákan náà. Ti Gakjeochong ló ṣe kedere, ìjàkadì ni, torí wọ́n ti gbá ara wọn mú, bàbá àgbà kan sì dúró ti ọ̀pá ẹ̀ tó ń wò wọ́n. Àwòrán tí kò lè sọ orúkọ ara ẹ̀, tá a bá ní taekwondo ni, àwa la fi orúkọ sí i lẹ́nu.

Wọ́n tún máa ń mú ère Seokguram jáde, ní Gyeongju, ti nǹkan bí 1,250 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Búdà, tí wọ́n na ìṣan, tí wọ́n di ẹ̀ṣẹ́. Ère tó rẹwà ni, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n irú ère yẹn pọ̀ lọ jàra ní tẹ́ńpìlì Ṣáínà, àwọn méjì tí wọ́n fi igi gbẹ́ ní 1203 ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà Todaiji ní Nara ní Japan. Tó bá jẹ́ ẹ̀rí taekwondo lèyí, a jẹ́ pé Nara náà ni wọ́n ti ń ta taekwondo nígbà yẹn.

Ti Hwarang ló wá dùn mí jù torí pé ìwé wà. Kim Busik parí Samguk Sagi, ìwé ìtàn ilẹ̀ Kòríà, ní 1145, ó sọ ọ̀rọ̀ Hwarang níbẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń ṣa àwọn ọmọ tó rẹwà láwùjọ, wọ́n á wọṣọ fún wọn, àwọn ọ̀dọ́ á kó ara wọn jọ tẹ̀lé wọn, wọ́n á jọ máa kọ́ ara wọn níwà, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa lu ohun èlò, wọ́n á máa rin orí òkè àti etí odò káàkiri. Àwọn kan nínú wọn sì jagun lóòótọ́. Gwanchang, ọmọdé ni, ní 660 ó gun ẹṣin wọ àárín ogun Baekje, ìjọba tí Silla ń bá jà, wọ́n mú un, Gyebaek tó jẹ́ ọ̀gá ogun Baekje ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ torí pé ó rí i pé ọmọdé ni, ó tún padà, wọ́n wá bẹ́ ẹ lórí, wọ́n so orí ẹ̀ mọ́ ẹṣin, wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. Ọ̀kọ̀ ló fi jà. Ẹṣin ló gùn. Ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ lásán àti ẹsẹ̀ jà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Hwarang, kò sí nínú ìtàn yẹn.

Lékan_ITF
Ẹ káàsán o. Mo ti fara balẹ̀ ka gbogbo ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún Ìyá Tíṣà, ṣùgbọ́n ó ń jọ pé ẹ ti fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀ fún Japan báyìí o. Ṣé àwọn ará Kòríà ò mọ ìjà jà kí Japan tó dé ni? Taekkyeon ńkọ́? Subak ńkọ́? Ìjà ìbílẹ̀ wọn ni méjèèjì. Ẹsẹ̀ la fi ń jà jù, káràtè ò ta ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun Choi ní àwọn ti kọ́ taekkyeon lọ́mọdé lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ àwọn ní ìwé kíkọ. Ẹ ò lè kàn nù ún dànù.

Ìyá_Tíṣà_Bódìjà
Lékan ọmọ mi, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Subak wà dájú, ẹnikẹ́ni tó bá ní kò sí, kò kàwé ni. Ní 1170, ọba Uijong ti Kòríà ní kí àwọn ọmọ ogun bá ara wọn ta subak wò níwájú òun, ọ̀gágun àgbà kan tó ń jẹ́ Yi So-eung jà á tì, ìjòyè kékeré kan tó jẹ́ akọ̀wé láàfin, Han Noe, dìde, ó gbá àgbàlagbà yẹn létí níṣojú gbogbo ayé. Inú àwọn ológun ti ń ru tẹ́lẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀gágun Jeong Jung-bu àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pa àwọn akọ̀wé ọba nípakúpa, àwọn ológun sì di agbára mú fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìfọ́tí kan ṣoṣo ló tanná ràn án. Ẹ rí i pé ìjà ọwọ́ jẹ́ nǹkan pàtàkì nílé ọba nígbà náà.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ bí wọ́n ṣe ń ta á sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó ya àwòrán ìjà ọwọ́ kalẹ̀ tó tọ́wọ́ wa ni Muye Dobo Tongji tí ọba Jeongjo ní kí wọ́n ṣe ní 1790, idà àti ọ̀kọ̀ ló kún inú ẹ̀, apá kan wà fún ẹ̀ṣẹ́, inú ìwé Qi Jiguang tó jẹ́ ọ̀gágun ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n sì ti mú gbòǹgbò apá yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà fúnra wọn, wọn ò tijú ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjà wà, okùn tó so ìjà yẹn mọ́ kíláàsì 1944 ni kò sí.

Dérónkẹ́_Leeds
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n gba ti taekkyeon sọ, torí mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mo sì rò pé Lékan tọ̀nà láti bínú síbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Taekkyeon jẹ́ òótọ́. Yu Suk yà á sínú àwòrán kan ní 1846, àwọn méjì ń jìjàkadì lápá kan, àwọn méjì ń ta ẹsẹ̀ lápá kejì, èrò tó ń wòran jókòó yí wọn ká. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stewart Culin, tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1895, ó júwe ẹ̀: àwọn méjì á dojú kọra, wọ́n á la ẹsẹ̀, ẹnì kan lè gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn síbi kẹta, torí náà ibi mẹ́ta péré ni ẹsẹ̀ máa ń wà, wọ́n á máa wá bí wọ́n ṣe máa gbá ẹsẹ̀ ara wọn kúrò nílẹ̀, ẹni tó bá ta ẹsẹ̀ sókè, wọ́n lè fọwọ́ mú ẹsẹ̀ ẹ̀. Kí èèyàn gbé ẹnì kejì ṣubú ni gbogbo ẹ̀. Song Deok-gi, tí wọ́n bí ní 1893, òun ló mú un la gbogbo ìgbà tí Japan ń jọba lé Kòríà lórí kọjá ní Seoul, ìjọba Kòríà wá kà á mọ́ ogún ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1983, UNESCO náà gbà á wọlé ní 2011, bàbá yẹn ti kú ní 1987.

Lékan, wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìwọ ń ṣe. Nínú taekkyeon, ara wọn ń jó, orúnkún ń lọ ń bọ̀ bí ẹni ń jó, wọn ò dúró gan. Wọn ò ní kata. Wọn ò di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ìbàdí kí wọ́n tó jù ú, àwa ni, káràtè ni. Wọn ò ní dan, wọn ò ní geup tẹ́lẹ̀, ìyẹn ipò bẹ́líìtì, Kano Jigoro tó dá júdò sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ dan láàárín àwọn ọdún 1880 sí 1890, aṣọ funfun yẹn náà ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. Àwọn tó dá kwan (ilé ìkọ́jà) márààrún ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé ta ló kọ́ yín, Tokyo tàbí Manchuria ni wọ́n máa ń dárúkọ. Ti Ọ̀gágun Choi, mo mọ ohun tó sọ nípa ẹni tó kọ́ ọ níwèé kíkọ yẹn, ṣùgbọ́n wo àwọn pátáànì (bí kata ni) ìbẹ̀rẹ̀ tó ṣe, wo bó ṣe dúró, wo bó ṣe ń gbá ìkọlù dànù, ti Shotokan ni.

Orúkọ yẹn náà ní ìtàn. Ní 1954, Nam Tae Hi, ọmọ ogun Choi, fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ táìlì ìbolé mẹ́tàlá níwájú Syngman Rhee, Ààrẹ Kòríà Gúúsù, Choi ní Ààrẹ yọ̀, ó ní taekkyeon nìyẹn. Ọ̀gágun wá lọ wá orúkọ tó máa dún bíi taekkyeon, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1955 ni wọ́n gbà á wọlé. Àwọn kwan yòókù ò sì tẹ́wọ́ gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní 1961 taesudo ni ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́, 1965 ni wọ́n tó yí i padà sí taekwondo.

Lékan_ITF
Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ n fi ti pátáànì wa kún un, torí nǹkan tí mo há sórí ni, mo kàn wá ń wò ó dáadáa báyìí ni. Pátáànì Hwa-Rang ní ìgbésẹ̀ 29. Ìtumọ̀ tí Ọ̀gágun fúnra wọn fi sí i ni pé 29 yẹn dúró fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkàndínlọ́gbọ̀n tí taekwondo ti dàgbà. Ẹgbẹ́ ogun tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀ ní 1953 nìyẹn! Orúkọ Silla ló wà lórí ẹ̀, bárékè ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹ̀ nígbà náà, U-Nam, orúkọ ìnagijẹ Syngman Rhee fúnra ẹ̀ ni, nígbà tí Rhee kúrò lórí oyè ní 1960 kò pẹ́ tí wọ́n fi pa pátáànì yẹn tì. Ìyẹn ò dín ìfẹ́ mi kù o. Ó tiẹ̀ jẹ́ kí n mọ ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, ìdí tó fi ṣe é.

Tájù_Àgége
Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo wọn mọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi gbé 2,000 ọdún lé e lórí?

Dérónkẹ́_Leeds
Tájù, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà gan-an nìyẹn, tá a bá sì sáré kọjá níbẹ̀ á máa dà bí ẹni pé òpùrọ́ lásán ni wọ́n. 1910 sí 1945 ni Japan fi jọba lé wọn lórí. Lápá ìparí, wọ́n yọ èdè Kòríà kúrò nílé ìwé, láti 1940 wọ́n ń fipá mú ìdílé pé kí wọ́n gba orúkọ Japan. Orúkọ ìdílé o! Ẹ wá ro ó wò, ìjọba yẹn lọ, ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ ohun tó fẹ́ràn jù láyé ní Tokyo padà délé, ó fẹ́ kọ́ àwọn ẹlòmíì, ohun tó bá ti rùn bíi Japan ìríra ni lójú èèyàn. Rhee kórìíra Japan tọkàntọkàn. Nígbà tí Park Chung-hee gba ìjọba ní 1961, ó fẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè gbé àyà, ọ̀rọ̀ Hwarang àti Silla gba orí rédíò àti ilé ìwé kan, taekwondo wá di nǹkan ìjọba, wọ́n kọ́ Kukkiwon, ojúkò taekwondo, sí Seoul ní 1972, wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní 1973. Ọ̀gágun Choi bá Park jà, ó sá lọ sí Kánádà ní 1972, ó sì gbé taekwondo dé Kòríà Àríwá ní 1980. Ẹgbẹ́ méjèèjì, ti Choi (ITF) àti ti Seoul, tí wọn ò lè jókòó sórí tábìlì kan náà, ìtàn àtijọ́ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọgbẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Mo lóye ọgbẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n a ò lè torí ẹ̀ máa kọ́ ọmọ Ìbàdàn pé Hwarang ló ṣe Taegeuk Il Jang, pátáànì Taegeuk àkọ́kọ́.

Àwọn ọmọ Kòríà fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, kì í ṣe òyìnbó. Kim Yong-ok, onímọ̀ ọgbọ́n orí tí gbogbo Kòríà mọ̀, sọ ọ́ ní 1990 pé káràtè ni gbòǹgbò. Steven Capener tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó ta taekwondo dáadáa, tó sì ń gbé Seoul, kọ ọ́ gùn gbọọrọ ní 1995.

Àjàní_Shotokan
Ohun tí Lékan sọ nípa ẹsẹ̀ yẹn ò yẹ kó ṣubú sílẹ̀ o. Òótọ́ ni, káràtè ò ta ẹsẹ̀ báyìí. Ẹ bi ara yín, níbo ló ti wá? Rúùlù ni. Àwọn ará Kòríà wọ gáàdì ìgbàyà, wọ́n ní kí wọ́n máa gbá ara wọn gidi, àwa Shotokan ń dá ẹ̀ṣẹ́ dúró kó tó kan ara. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ́ ò gbọdọ̀ kan ojú, ẹsẹ̀ lè kan orí. Ẹni tó bá fẹ́ yege lábẹ́ rúùlù yẹn, ẹsẹ̀ ló máa kọ́. Láàárín ogún, ọgbọ̀n ọdún, ìdúró ga sókè, ẹsẹ̀ yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò, wọ́n ń yí lófuurufú. Kata Japan náà, wọ́n pa á tì, wọ́n ṣe Palgwe, wọ́n tún wá ṣe Taegeuk ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìyẹn, ti Kòríà ni, pátápátá, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi tí mo jẹ́ oní-káràtè ni mò ń sọ ọ́.

Ó dé Olympic gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ní 1988, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní mẹ́dàlì gidi ní Sydney 2000. Ní Beijing 2008, Chika Chukwumerije gba idẹ fún Nàìjíríà. Ní Rio 2016, Cheick Cissé ọmọ Côte d'Ivoire, ó ku díẹ̀ kí agogo dún, ó yí, ó ta ẹsẹ̀ sí orí ọmọ Bìrìtìkó, ó gba góòlù, góòlù Olympic àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè ẹ̀ gbà láyé. Ẹ fi ìyẹn sínú ìwé tíọ́rì. Ọmọdé tó bá rí fídíò yẹn ò ní bi yín léèrè Hwarang mọ́.

Tájù_Àgége
Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ń pè mí sí hapkido, ìjà Kòríà míì, ó ní tiwọn ti ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ǹkì Silla wá, haidong gumdo tí wọ́n ń fi idà ṣe náà wà nínú owó tí a máa san. Ṣé kí n lọ?

Dérónkẹ́_Leeds
Lọ tí kóòṣì náà bá dáa tí owó náà ò bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n má san kọ́bọ̀ lé ti Silla. Hapkido, ọ̀dọ̀ Choi Yong-sool ló ti wá, ó padà láti Japan sí Daegu lẹ́yìn ogun, 1948 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹni àkọ́kọ́, Daito-ryu ni ìjà Japan tó gbé bọ̀, ilé kan náà tí aikido ti jáde. Haidong gumdo, àwọn ọdún 1980 ni, kò dàgbà ju àwọn òbí wa lọ. Ẹni tó bá ní mọ́ǹkì ló kọ́ òun, ní kó darúkọ mọ́ǹkì náà, tẹ́ńpìlì tó ń gbé, ọdún tó kú, ẹlòmíì tó tún kọ́ lẹ́yìn òun nìkan. Tí gbogbo ìlà yẹn bá parí sọ́dọ̀ èèyàn kan ṣoṣo tí kò sẹ́lòmíì tó rí ọ̀gá ẹ̀ rí, o ti gba èsì. Kó o sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni darúkọ ìjà yẹn nínú ìwé kankan ṣáájú 1945. Ti taekkyeon, wọ́n darúkọ ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá_Tíṣà_Bódìjà
Kóòṣì, ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ tilé wa. Ẹ má kàn lọ pín ìwé tuntun fún àwọn ọmọ kí ọ̀gá tó kọ́ yín tó gbọ́. Ẹ lọ kí wọn nílé, ẹ gbé fóònù yín dání, ẹ fi fídíò méjèèjì tí Àjàní sọ hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn wò ó, ẹ má sọ fún wọn pé wọ́n kọ́ yín ní irọ́, torí pé ohun tí wọ́n gbà ni wọ́n fún yín. Tí ẹgbẹ́ yín bá sì ní ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáhùn tí ẹgbẹ́ fẹ́, kí wọ́n má lọ féèlì, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ohun tí ẹgbẹ́ sọ nìyí, ohun tí ìwé sọ nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé méjèèjì.

Kóòṣì_Mókọ́lá
Ẹ ṣé gan-an ni, Elédùmarè á san án fún yín. Mo ti lọ sílé ọ̀gá mi ní ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n wo Heian náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn kọ́ Pyung Ahn lọ́dọ̀ ọ̀gá tàwọn kí wọ́n tó gbé Taegeuk dé, àwọn ò kàn mọ ibi tó ti wá ni. Wọ́n dìde nínú pálọ̀, wọ́n ṣe é tán fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní kí n kọ ọ́.

Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó: «Àwọn ọmọ Kòríà tó kọ́ káràtè ní Japan àti ìjà Ṣáínà ní Manchuria ló ṣí àwọn kíláàsì àkọ́kọ́ ní Kòríà láti 1944. Wọ́n fún un lórúkọ taekwondo ní 1955. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n ṣe pátáànì tiwọn, ó wọ Olympic ní 2000. Kòríà ní ìjà tiẹ̀ láyé àtijọ́, irú bíi subak àti taekkyeon, taekkyeon ṣì wà títí dòní. Taekwondo mú orúkọ ẹ̀ sún mọ́ taekkyeon, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ẹ̀.»

Àjàní_Shotokan
Ó dáa gan-an. Ẹ kàn fi Okinawa sí i, kí àwọn ọmọ má rò pé Japan ló bí káràtè. Ìjọba Ryukyu ni Okinawa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Japan gbà á mọ́ra ní 1879, àwọn ará Okinawa sì gba púpọ̀ nínú ìjà wọn lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ káràtè tẹ́lẹ̀ darúkọ Ṣáínà, láàárín àwọn ọdún 1930 ni Funakoshi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yọ Ṣáínà kúrò níbẹ̀ kí àwọn ará Japan lè gbà á bíi tiwọn. Ohun tí Kòríà ṣe ní 1955, Japan ti ṣe é kó tó kàn wọ́n.

Kóòṣì_Mókọ́lá
Mo ti fi Okinawa sí i, mo fi 1879 náà sí i. Mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́la, ẹni tó bá fẹ́ kó sọ fún mi kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.